Epo Mọ́tò Di Wúrà: Ẹ Jẹ́ Kí A Mọ Ibi Tí Owó Ń Gbà Lọ

Ẹ̀yin ará wa, ọmọ Káàárọ̀-oò-jíire tí a jọ ń gbé ìlú Kano yìí, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé ẹ̀ka wa lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ owó oṣù ẹgbẹ́ tí àwọn kan ṣì jẹ wá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò gbàgbé ìyẹn. Ọ̀rọ̀ epo mọ́tò ni.

Àwa tí iṣẹ́ wa nínú ẹgbẹ́ jẹ́ láti máa kọ orúkọ àwọn tí ó wá sí ìpàdé, a ti rí ohun kan nínú ìwé náà tí kò dùn mọ́ wa. Orúkọ ń dín kù. Àwọn ará wa tí ó ń gbé Hotoro, àwọn tí ó wà ní Naibawa, àwọn ti Panshekara, a kì í rí wọn mọ́ bí ti àtẹ̀yìnwá. Nígbà tí a bi wọ́n léèrè, èsì kan náà ni ó ń jáde lẹ́nu gbogbo wọn: “Akọ̀wé, epo ni.” Bàbá kan wà nínú wọn tí kì í pa ìpàdé jẹ láti ìgbà tí a ti mọ̀ ọ́n. Ó ní mọ́tò òun wà nílẹ̀, ó dá ṣáṣá, ṣùgbọ́n bí òun bá fi epo wá sí ìpàdé, kí ni òun yóò fi lọ sí ọjà ní ọjọ́ Ajé? A kò rí èsì fún bàbá náà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ó mú wa jókòó kọ èyí.

Ẹ jẹ́ kí a rántí ibi tí a ti ń bọ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2012, nígbà tí ìjọba gbé owó lítà epo kan kúrò ní ₦65 lọ sí ₦141, gbogbo orílẹ̀-èdè yìí ni ó dìde. Àwọn òṣìṣẹ́ da iṣẹ́ sílẹ̀ títí ìjọba fi fà á padà sí ₦97. Ní ọdún 2016 ó di ₦145. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde, ní ọjọ́ tí ó gorí àlééfà gan-an, pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ilé-iṣẹ́ epo ìjọba, NNPC, ti gbé iye tuntun jáde, láti ₦488 ní Èkó títí dé ₦557 ní ìhà Borno. Ní oṣù keje ọdún kan náà ó di ₦617 ní Abuja. Nígbà tí ó fi di oṣù kẹwàá ọdún 2024, lítà kan ti kọjá ₦1,000 ní Abuja. Láti ìgbà náà, ó ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń retí ₦97 ń retí àná. Ẹ sì kíyè sí i pé nínú iye ti ọdún 2023 yẹn, àwa tí a wà ní Àríwá ni tiwa ga jù, nítorí ọ̀nà jíjìn ni epo ń rìn kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Ẹlòmíràn yóò sọ pé ìjọba ni kí a bá wí. A kò bá a jiyàn. Ilé ìfọpo wà ní Kaduna nítòsí wa níbí láti ọdún 1980, ọ̀pọ̀ ọdún ni ó sì fi wà láì fọ ohunkóhun. Ọ̀nà tí ó kún fún kòtò náà ń jẹ epo wa, a kò sì dákẹ́ lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Bí a ti ń ké sí ìjọba, kí a tún bojú wo ẹsẹ̀ tiwa tí ó ń tẹ ọkọ̀, kí a bojú wo táyà tiwa, kí a bojú wo ìrìn tiwa. Ohun tí a rí nígbà tí àwa fúnra wa wò ó, ó tì wá lójú, ṣùgbọ́n a ó sọ ọ́.

Ní ọdún 2024, nígbà tí epo ń gòkè lójoojúmọ́, a ní ọmọkùnrin kan tí ó ń bá wa wa mọ́tò. Ọmọ ilé wa ni, ìyá rẹ̀ ń tajà ní ọjà Sabon Gari kan náà pẹ̀lú wa. A bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé bí a bá ra epo ní ọjọ́ Ajé, yóò ti tán kí ó tó di ọjọ́ Ẹtì. A wò ó lọ, a wò ó bọ̀, a sì sọ nínú ara wa pé ọmọ yìí ń fa epo tà. A pè é, a bi í léèrè. Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ dákun, n kò mú epo yín.” A kò gbà. Bí ó ti ń sọkún ni a ń rò pé ẹkún olè ni. A dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ní ọjọ́ kejì ìyá rẹ̀ wá sí ìsọ̀ wa, ó kúnlẹ̀ níwájú àwọn oníbàárà, ó ń tọrọ àforíjì nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá ọmọ rẹ̀ lójú, tí kò sì dá òun náà lójú. A ní kí ó dìde, ṣùgbọ́n a kò yí ọ̀rọ̀ wa padà.

Láti ọjọ́ náà, àwa fúnra wa ni a ń wa mọ́tò. Epo tí a rà ní ọjọ́ Ajé tán ní ọjọ́ Ẹtì. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ta ni a ó tún mú?

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ẹgbẹ́ wa, tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wa ọkọ̀ akẹ́rù láàrin Kano àti Èkó, ni a lọ bá. Ó gbọ́ ọ tán, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, “Akọ̀wé, o ń kọ ìwé fún gbogbo ẹgbẹ́. Ìwé mọ́tò tìrẹ dà?” A kò ní ìwé kankan. Owó ọṣẹ, owó ṣúgà, owó mílíìkì, gbogbo rẹ̀ ni a ń kọ sílẹ̀ títí dé kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n epo tí ó ń gba owó wa jù lọ nínú oṣù, orí ni a fi ń kà á. Ọjọ́ náà ni a ra ìwé kékeré kan. Ohun tí a rí nínú rẹ̀ ni a fẹ́ kí ẹ̀yin náà rí, kí ẹ má bàa ṣe irú àṣìṣe wa.

Bí a ti ń kọ ọ́ nìyí, kò le. Ẹ kún tánkì, kí ẹ sì kọ iye kìlómítà tí agogo mọ́tò fi hàn. Ẹ máa wa ọkọ̀ bí ẹ ti ń wà á. Nígbà tí epo bá fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ sílẹ̀, ẹ tún kún un, kí ẹ wo iye lítà tí ó gbà, kí ẹ sì tún ka agogo. Ẹ yọ iye kìlómítà àkọ́kọ́ kúrò nínú ìkejì, kí ẹ fi iye lítà pín in. Iye tí ó bá jáde ni iye kìlómítà tí lítà kan gbé yín. Tiwa nígbà tí a kọ́kọ́ ṣe é: kìlómítà 287, lítà 41. Ìyẹn ni pé lítà kan gbé wa rin kìlómítà 7 péré. Nígbà tí a tún ìwà wa ṣe fún bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, lítà 41 kan náà gbé wa rin kìlómítà 369, tí í ṣe 9 fún lítà kan. A kò pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, a kò ra oògùn kankan.

Ẹni tí ó bá rò pé láti 7 dé 9 kò jẹ́ nǹkan, kí ó jọ̀wọ́ bá wa ṣírò. Bí ènìyàn bá ń rin kìlómítà 1,260 lóṣù, ní 7 yóò ra lítà 180, ní 9 yóò ra lítà 140. Lítà 40 ni ó ṣẹ́kù. Bí a bá fi ₦900 ṣírò lítà kan kí ó lè rọrùn, ₦36,000 ni lóṣù. Ní ọdún kan ó di ₦432,000. Owó oṣù tí ó kéré jù tí òfin là sílẹ̀ ní ọdún 2024 ni ₦70,000. Nítorí náà, ohun tí a ń dà sílẹ̀ lọ́dún ju owó oṣù mẹ́fà òṣìṣẹ́ kan lọ. Owó ilé-ìwé ọmọ wà nínú rẹ̀. Owó tí à bá fi kún ọjà wà nínú rẹ̀.

Níbo ni ó ń gbà lọ? Èkíní, ẹsẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń tẹ tọ́tù bí ẹni pé a fi ìjà lé ọkọ̀. Bí iná ojú ọ̀nà bá ti yí sí àwọ̀ ewé, a ó ta gììrì, a ó sáré dé ìdí ọkọ̀ tí ó wà níwájú, a ó sì tẹ bíréèkì. Epo ni a fi ra eré náà, bíréèkì sì ti sọ ọ́ di ooru lásán. Ẹni tí ó bá rọra tẹ̀ ẹ́, tí ó ń wo iwájú, tí ó sì gbé ẹsẹ̀ kúrò ní kùtùkùtù nígbà tí ó bá rí i pé ọkọ̀ ti tò síwájú, òun ni epo rẹ̀ ń pẹ́. Pẹ̀lẹ́ kùtù, àwọn àgbà kúkú ti ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ní ojú ọ̀nà márosẹ̀, eré ni ọ̀gá. Afẹ́fẹ́ ń ti ọkọ̀ sẹ́yìn, bí eré bá sì di ìlọ́po méjì, agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tì í á di ìlọ́po mẹ́rin. Láti Kano dé Kaduna tó nǹkan bí kìlómítà 230. Ẹni tí ó bá ń sá 120 ní wákàtí kan yóò fi nǹkan bí iṣẹ́jú 38 ṣíwájú ẹni tí ó ń sá 90, bí ojú ọ̀nà bá mọ́ gaara. Ṣùgbọ́n ìgbà wo ni ojú ọ̀nà wa mọ́ gaara? Ibùdó ọlọ́pàá kan àti ọkọ̀ akẹ́rù kan tí ó bàjẹ́ yóò gba iṣẹ́jú 38 náà padà, epo kò sì ní padà. Òfin ojú ọ̀nà pẹ̀lú kò gbà kí ọkọ̀ kékeré ju 100 lọ. Ẹni tí ó bá pa òfin mọ́ ti pa owó mọ́.

Èkejì, kí ọkọ̀ dúró kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́. Èyí ni ẹ̀ṣẹ̀ tiwa gan-an. Oòrùn Kano kì í ṣe ẹran ọ̀rẹ́, ní oṣù kẹrin ó lè kọjá ìwọ̀n 40. Nígbà tí a bá dé ẹnu ọjà, a ó jókòó sínú mọ́tò, a ó tan ẹ̀rọ atútù, a ó máa dá àwọn oníbàárà lóhùn lórí fóònù. Ọkọ̀ kékeré tí ó dúró ní ibì kan tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lè jẹ nǹkan bí lítà kan ní wákàtí kan, bí ẹ̀rọ atútù bá sì wà ní títàn ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìṣẹ́jú 40 lóòjọ́ fún ọjọ́ 26 ti ju wákàtí 17 lọ. Lítà 17 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nìyẹn, ọkọ̀ kò sì rin ìṣísẹ̀ kan! Bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ ó dúró ju ìṣẹ́jú kan lọ, tí ẹ sì ti gúnlẹ̀ sí ẹ̀bá ọ̀nà, ẹ pa á. Ẹ wá ibòji igi, kí ẹ ṣí fèrèsé. Ṣùgbọ́n ẹ má pa ẹ́ńjìnnì nígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn, nítorí bíréèkì yóò le, ọwọ́ ọkọ̀ sì lè há.

Ẹ̀kẹta, táyà. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó ń wọ́ nílẹ̀ ni, bí ẹni tí ó wọ bàtà tí ó tóbi ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Ó ń jẹ epo, ó ń tètè gbó, bí ó bá sì gbóná jù lórí eré, ó lè bẹ́. Ẹ wo ara férémù ilẹ̀kùn níbi tí awakọ̀ ń gbà wọlé, ẹ ó rí iye afẹ́fẹ́ tí àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ náà fẹ́. Iye tí a kọ sí ara táyà kì í ṣe òun. Ìyẹn ni òpin ohun tí táyà lè gbà. Òwúrọ̀ ni kí ẹ wọ̀n ọ́n, kí ọkọ̀ tó rìn, nítorí bí táyà bá ti gbóná, iye náà á ga, á sì tàn yín jẹ. Ẹ má gbà kí ẹni tí ó ń fa afẹ́fẹ́ sí táyà fi ojú lásán wọ̀n ọ́n. Mẹ́ta nínú táyà wa mẹ́rin ni kò péye ní ọjọ́ tí a kọ́kọ́ wò ó.

Ẹ̀kẹrin, ẹrù. Nígbà tí a ṣí búùtù wa, ohun tí a bá níbẹ̀ nìyí: páálí ọṣẹ mẹ́ta tí kò rí ààyè ní ìsọ̀, bátìrì àtijọ́ kan, àti odó kan tí a ti ń sọ láti ọdún tí ó ṣáájú pé a ó fi ránṣẹ́ sílé. Mọ́tò wa ti gbé odó yìí yí ìlú Kano ká láìmọye ìgbà. Ẹrù inú búùtù kì í jẹ epo púpọ̀, a kò ní bù mọ́ ọn: ẹrù bí 50 kílò lè gba nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n ẹrù orí ọkọ̀ ni ẹ ṣọ́ra fún. Òun ni afẹ́fẹ́ ń dojú kọ ní márosẹ̀, ó sì lè gba ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá ti sọ ẹrù kalẹ̀, ẹ tú irin orí ọkọ̀ náà bí ẹ kò bá ní lò ó mọ́.

Ẹ̀karùn-ún, ìrìn àrìntúnrìn. Láàárọ̀ a lọ sí Dawanau nítorí ọkà, a padà sílé. Lọ́sàn-án a lọ sí Kwari nítorí aṣọ, a padà. Nírọ̀lẹ́ a lọ mú ọmọ ní ilé-ìwé. Bí a bá kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní alẹ́ àná, ìrìn kan ni ìbá jẹ́, ẹ́ńjìnnì tí ó ti gbóná kò sì ní jẹ epo tó èyí tí a ń jí nínú òtútù lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tí ó ń la ìlú já nítorí pé ilé epo kan fi ₦15 dín owó lítà. Lítà 20 tí ẹ fẹ́ rà, ₦300 ni èrè rẹ̀. Bí ilé epo náà bá jìnnà ní kìlómítà 12, lọ àti bọ̀ jẹ́ 24, ó sì ju lítà méjì àbọ̀ lọ fún ọkọ̀ tí ó ń rin 9. Ẹ fi ₦2,400 wá ₦300! Òwò wo nìyẹn?

Ẹ̀kẹfà, ìtọ́jú. Ọyẹ́ ìlú yìí ń gbé eruku wá tí a lè fi bu oúnjẹ. Asẹ́ afẹ́fẹ́ tí ó dí kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì mí, pàápàá ọkọ̀ àtijọ́ tí ó ń lo kabúrétọ̀. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ní ìgbà ọyẹ́ ju ìgbà òjò lọ. Púlọ́ọ̀gì tí ó ti jó, bíréèkì tí ó há mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀, iná pupa tí ó ń tàn níwájú awakọ̀ tí a kò kà sí, gbogbo wọn ni ó ń mu epo.

Ní báyìí, a ní láti sọ̀rọ̀ lórí àwọn ọgbọ́n tí kì í ṣe ọgbọ́n, nítorí òun ni ó ń ba ẹ̀mí jẹ́. Àwọn awakọ̀ kan wà tí ó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè Jos, wọn yóò gbé jíà sí fíríì, wọn yóò ní epo ni àwọn ń fi pamọ́. Ẹ gbọ́ o: ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìsinsìnyí tí kò ní kabúrétọ̀, bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù tí jíà sì wà níbẹ̀, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ń dá epo dúró. Bí ẹ bá gbé e sí fíríì, ó gbọ́dọ̀ máa fún ẹ́ńjìnnì ní epo kí ó má bàa kú. Nítorí náà, ẹ kò fi epo kankan pamọ́. Ohun tí ẹ ṣe ni pé ẹ ti gba ìrànlọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì kúrò lọ́wọ́ bíréèkì, bíréèkì nìkan ni ó kù, nígbà tí ó bá sì gbóná tán kì í mú mọ́.

Èkejì nínú wọn ni epo inú kẹ́ẹ̀gì. A gbọ́ pé owó yóò gòkè, a sáré lọ ra gálọ́ọ̀nù mẹ́rin, a gbé e sí yàrá tàbí sí ẹ̀yìn ilé ìdáná. Èéfín epo bẹntiróòlù kò ṣeé rí, ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ni ó ń rà bí ejò títí yóò fi bá iná. Iye tí a fẹ́ jèrè kò tó owó ibora tí a ó fi sin ọmọ. Epo ẹ̀bá ọ̀nà náà ńkọ́? Ẹni tí ó ń tà á lè da epo òyìnbó mọ́ ọn, kò sì sí ẹni tí ẹ ó mú. Àní ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, epo tí methanol pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ orílẹ̀-èdè yìí láti òkè òkun, ó sì dé inú àwọn ilé epo gan-an. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí epo tí ìjọba ń ṣọ́, kí ni ẹ rò nípa ti inú ìgò?

Ẹ̀kẹta ni oògùn tí wọ́n ń dà sínú tánkì àti irin kékeré tí wọ́n ń so mọ́ ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n ní yóò dín epo kù sí ìdajì. Ìjọba Amẹ́ríkà ti dán irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tí ó ju 100 lọ wò, púpọ̀ jù lọ nínú wọn kò ṣe ohunkóhun. Ẹ fi owó náà fa afẹ́fẹ́ sí táyà.

Ẹ̀kẹrin, ọkàn wa bàjẹ́ láti sọ ọ́. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún 2024, ọkọ̀ agbépo kan ṣubú ní Majiya ní ìpínlẹ̀ Jigawa tí ó múlé tì wá. Àwọn ènìyàn sáré lọ bu epo. Iná sọ, ó sì pa ènìyàn tí ó ju 150 lọ. Ní ọjọ́ 18 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní oríta Dikko nítòsí Suleja, ó pa ènìyàn tí ó ju 80 lọ. Àwọn tí ó kú kì í ṣe òmùgọ̀. Ènìyàn bí tiwa ni wọ́n, epo ni ó wọ́n lójú wọn. Nítorí náà ni a fi ń bẹ gbogbo òbí: ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín lónìí, kí ó tó di ọjọ́ tí wọn yóò rí epo nílẹ̀, pé ibi tí ọkọ̀ epo bá ṣubú sí, ẹ̀yìn ni a ń sá sí.

Ọ̀nà tí ó tóbi jù lọ láti fi epo pamọ́ kò sí nínú mọ́tò rárá. Ó wà láàrin àwa fúnra wa. Ní òwúrọ̀, ẹ dúró sí Yoruba Road kí ẹ wo mọ́tò àwọn ará wa bí wọ́n ti ń jáde lọ sí ọjà. Ẹnì kan nínú mọ́tò kan, ẹnì kan nínú èkejì, ojúlé wọn kan ara wọn, ọjà kan náà ni wọ́n ń lọ. Ìgbéraga díẹ̀ wà níbẹ̀, kí a má tan ara wa jẹ. Ẹni tí ó ní mọ́tò kò fẹ́ kí a rí òun nínú mọ́tò ẹlòmíràn. Àwọn bàbá wa tí ó kọ́kọ́ dé ìlú yìí, ọ̀pọ̀ wọn ni ó bá ọkọ̀ ojú irin wá, wọ́n jókòó ti ara wọn lórí ìjókòó kan, wọ́n jọ pín ẹ̀kọ àti àkàrà jẹ. Kò sí ẹni tí ó fi ìyẹn bú wọn.

Ẹ tún wo ìgbà òkú. Bí ẹnì kan nínú wa bá lọ sin òbí rẹ̀ ní Ọ̀ffà tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, mọ́tò márùn-ún ni yóò gbéra láti ibí, ènìyàn méjì-méjì nínú wọn. Lọ àti bọ̀ ju kìlómítà 1,000 lọ dájú. Mọ́tò kọ̀ọ̀kan yóò jẹ ju lítà 100 lọ bí tiwa bá ni àpẹẹrẹ. Lítà 500 fún ènìyàn mẹ́wàá, tí bọ́ọ̀sì kan ìbá gbé wọn lọ tí yóò gbé wọn bọ̀! Ohun tí ó ṣẹ́kù, ẹ kó o fún ọlọ́fọ̀. Ó wúlò fún un ju kí ó ka iye mọ́tò lọ.

Nítorí náà, a ń gbé ọ̀rọ̀ yìí síwájú ẹgbẹ́. Ní ìpàdé tí ń bọ̀, a ó ṣí ojú ewé tuntun nínú ìwé. Kí ẹni tí ó ní mọ́tò kọ àdúgbò rẹ̀ àti ibi tí ó ń gbà wá. Kí ẹni tí kò ní, tàbí ẹni tí tirẹ̀ wà nílẹ̀, kọ tirẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Kí àwọn tí ó jọ wọ ọkọ̀ pín owó epo dọ́gba, kí olówó ọkọ̀ san tirẹ̀ pẹ̀lú, kí ó má sì jèrè lórí rẹ̀, kí ìjà má bàa bẹ́ sílẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Bàbá tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, mọ́tò méjì ni ó ń kọjá ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wá sí ìpàdé. A kò mọ̀, nítorí a kò kọ ọ́.

Kí a tó gbé kálámù sílẹ̀, ẹ ó fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ọmọ tí a lé lọ parí sí. Nígbà tí ìwé ti fi hàn wá pé àwa ni olè náà, a lọ sí ilé ìyá rẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú kan. A kò rán ẹnikẹ́ni. A gbé ìwé kékeré náà dání, a ṣí i fún ọmọ náà, a ní, “Wò ó, ìwọ kọ́.” Ó ka ìṣirò náà títí dé ìsàlẹ̀ láì sọ̀rọ̀. Ìyá rẹ̀ gbé omi wá fún wa. Ọmọ náà kò padà sí ọ̀dọ̀ wa, ó ti rí iṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, a kò sì dá a lẹ́bi. Ó ń kí wa bí a bá pàdé ní ọjà, ìyẹn sì ju ohun tí ó tọ́ sí wa lọ.

Ẹ ra ìwé kékeré kan. Ẹ kọ epo yín sílẹ̀ kí ẹ tó fura sí ọmọ ọlọ́mọ, kí ẹ tó bú mẹkáníìkì, kí ẹ tó pa ìpàdé jẹ. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a rí àgbákò ojú ọ̀nà. Àjò kò dùn kí onílé má relé. A ó délé, ire ni a ó sì bá nílé o.